Òjò ti dá, kí ló dé tí òrùlé ṣì ń jò?

Ẹni tó bá lọ́mọ tàbí àbúrò ní Montréal, ní Kánádà, á ti gbọ́ ọ rí lórí fóònù: òjò kò rọ̀, oòrùn tilẹ̀ yọ díẹ̀, síbẹ̀ omi ń kán láti inú àjà bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Àwa tí a wà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí máa ń rò pé páìpù ló bẹ́. Kì í ṣe páìpù. Tí oṣù kẹfà bá sì dé, tí òjò rọ̀ mọ́jú lọ́dọ̀ tiwa náà, tó dá, tí oòrùn yọ, tí ọ̀ṣọ̀rọ̀ dákẹ́, àjà pálọ̀ ṣì lè máa kán títí di ọ̀sán. Onílé á pe káfíńtà, káfíńtà á gbé ọ̀dà dúdú gòkè, á gba owó rẹ̀, á lọ. Tí òjò mìíràn bá dé, ibòmíràn ni yóò ti máa kán.

Ohun kan náà ló ń ṣe ilé méjèèjì. Omi tó yẹ kó máa ṣàn lọ rí nǹkan dí i lọ́nà, ló bá dúró sórí òrùlé. Yìnyín ló dí i ní Montréal. Lọ́dọ̀ wa, ewé máńgòrò ni, tàbí eruku ọyẹ́, tàbí ògiri tí a fi ọwọ́ ara wa mọ. Ẹni tí kò bá mọ ibi tí omi ti dúró á kàn máa ra ọ̀dà lọ́dọọdún ni.

Iṣẹ́ wo gan-an ni òrùlé ń ṣe?

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òrùlé ń dá omi dúró. Kò dá omi kankan dúró. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó lé omi lọ kí omi tó ráyè wọlé. Páànù kì í ṣe odidi kan ṣoṣo láti òkè délẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń gbé wọn léra, tí ti òkè ń bo orí ti ìsàlẹ̀, bí ìpẹ́ ẹja. Tí ẹ bá fi ọwọ́ ra ara ẹja láti orí lọ sí ìrù, ọwọ́ yín á yọ̀ lọ ni. Ẹ yí ọwọ́ padà láti ìrù lọ sí orí, ìka yín á há sábẹ́ ìpẹ́. Omi tó ń sọ̀ kalẹ̀ kì í rí ibi wọ̀. Omi tó dúró, tó ń kún, tó sì ń padà gòkè, abẹ́ páànù ló ń gbà lọ.

Ẹ jẹ́ ká fohùn ṣọ̀kan lórí orúkọ díẹ̀. Góńgó ni ibi tó ga jù lọ lórí òrùlé. Etí ni ibi tí omi ti ń bọ́ sílẹ̀. Ìgbì ni ara páànù tó ń lọ sókè sódò. Ìgbéléra ni ibi tí páànù kan ti bo òmíràn. Ìdagẹ̀rẹ̀ ni bí òrùlé ṣe ń rẹlẹ̀ bọ̀ láti góńgó: tó bá fi sẹ̀ǹtímítà 10 rẹlẹ̀ lórí mítà kọ̀ọ̀kan, a jẹ́ pé ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 10 nínú 100, èyí tó sì kéré sí ìyẹn ti ń wá wàhálà fún páànù onígbì. Bí ìdagẹ̀rẹ̀ bá ṣe ń kéré sí i ni ìgbéléra gbọ́dọ̀ máa gùn sí i. Sẹ̀ǹtímítà 15 lè tó fún òrùlé tó ga dáadáa, àmọ́ tí òrùlé bá tẹ́jú, 20 sí 30 ló yẹ ẹ́. Káfíńtà tó fẹ́ dín páànù kù, ìgbéléra ló kọ́kọ́ máa ń gé kúrú, torí ẹni tó wà nílẹ̀ kò lè rí i.

Omi tún ní ìwà kan tí ojú kì í tètè rí. Tí páànù méjì bá lẹ̀ mọ́ra pẹ́kípẹ́kí, omi lè fúnra rẹ̀ máa gun àlàfo tóóró tó wà láàárín wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkè ló ń lọ. Ìgbéléra kúkúrú àti omi tó dúró ni wọ́n jọ ń ran ìwà yìí lọ́wọ́.

Báwo wá ni yìnyín ṣe ń mú ilé jò?

Òjò dídì ni èyí tó ń bọ́ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ ní funfun láti ojú ọ̀run. Yìnyín ni omi tó ti le gan-an, irú èyí tó ń wà nínú fírísà. Ní Montréal, òtútù lè wọ −15 tàbí −20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nígbà tó jẹ́ pé 0 ni omi ti ń dì. Òjò dídì á wá kó jọ sórí òrùlé. Ṣùgbọ́n inú ilé ń gbóná, torí wọ́n ń mú un gbóná tọ̀sán tòru. Tí ooru yẹn bá ń rí ọ̀nà sá gba àjà gòkè, á mú abẹ́ òrùlé gbóná, òjò dídì tó wà lápá òkè á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, omi rẹ̀ á sì máa ṣàn lọ sí etí.

Etí òrùlé yọ síta kọjá ògiri, kò sí yàrá gbígbóná lábẹ́ rẹ̀. Omi tó bá débẹ̀ á dì. Èyí tó tẹ̀ lé e á dì lé e lórí. Kò pẹ́, ìdènà yìnyín á ti ga ní etí òrùlé, omi á sì ti kún sẹ́yìn rẹ̀, á wá máa padà gòkè lábẹ́ ìgbéléra. Ìdí nìyẹn tí ilé fi ń jò láìsí òjò. Àwọn ọ̀pá yìnyín gígùn tó ń rọ̀ sílẹ̀ ní etí òrùlé, tí àwọn ọmọ wa máa ń dúró tì láti ya fọ́tò, àmì ni wọ́n lọ́pọ̀ ìgbà pé ooru ilé ń ṣòfò lókè.

Àtúnṣe tó tọ́jọ́ kì í ṣe orí òrùlé ni wọ́n ti ń ṣe é, inú àjà ni. Wọ́n á dí gbogbo ihò tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbà gòkè, ní ìdí gílóòbù, ní ìdí páìpù, ní ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ àjà. Wọ́n á tẹ́ ohun tó ń ká ooru mọ́lẹ̀ sórí àjà dáadáa. Wọ́n á sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tútù máa wọlé ní etí, kó máa jáde ní góńgó, kí gbogbo òrùlé lè tutù dọ́gba. Tí ó bá ti ń jò lọ́wọ́, a lè dúró sílẹ̀ fi ọ̀pá gígùn kan tó ní irin pẹrẹsẹ lẹ́nu fa òjò dídì kúrò ní apá etí. Àwọn oníṣẹ́ wà tó ń fi ooru omi gbígbóná yọ́ yìnyín náà. Àáké àti òòlù kọ́, torí ohun tí wọ́n fi bo òrùlé á fọ́ kí yìnyín tó fọ́. Ọmọ yín tó bá jẹ́ ayálégbé kò gbọ́dọ̀ gun òrùlé ẹnikẹ́ni rárá. Kó ya fọ́tò, kó kọ̀wé sí onílé lọ́jọ́ náà gan-an.

Níbo ni omi ti ń dúró lórí òrùlé tiwa?

Ẹ wo àwọn ilé tuntun tó ń dìde ní Ouando àti lójú ọ̀nà Adjarra. Láti ìta, ẹ kò ní rí páànù kankan. Ògiri kúkúrú kan yí òrùlé ká, èyí tí àwọn bíríkìlà ń pè ní acrotère. Páànù wà lẹ́yìn rẹ̀, ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kéré, ó ń da omi sínú ojú-omi kan tó wà nídìí ògiri, ihò kan tàbí méjì ló sì ń gbé omi yẹn jáde. Ó lẹ́wà, mi ò jiyàn. Àmọ́ tí igi máńgòrò bá wà nítòsí, tí wọ́n sì bi mí, màá ní kí wọ́n fi ẹwà yẹn sílẹ̀.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Òjò mílímítà 1 tó bá rọ̀ sórí mítà kan níbùú lóròó, lítà 1 ni. Òrùlé tó jẹ́ mítà 10 níbùú, mítà 12 lóròó, tí òjò mílímítà 50 rọ̀ sí, ti gba lítà 6,000: dúrọ́ọ̀mù onílítà 200 tó jẹ́ 30 nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ fẹ́ gba ihò kan tí ọ̀rá dúdú kan ṣoṣo lè dí. Tí ihò bá dí, tí omi sì dúró ní sẹ̀ǹtímítà 5 péré lórí ibi tó jẹ́ mítà 4 níbùú, mítà 5 lóròó, ìwọ̀n omi náà jẹ́ tọ́ọ̀nù kan. Igi òrùlé á tẹ̀, ibi tó tẹ̀ á tún gba omi sí i.

Ẹni tó bá fẹ́ irú òrùlé bẹ́ẹ̀ dandan, kó ní kí wọ́n ṣe ihò méjì ó kéré tán, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀n wáyà lẹ́nu. Kó tún ní kí wọ́n lu ihò kẹta sára ògiri, tó ga díẹ̀ ju àwọn yòókù, ṣùgbọ́n tó rẹlẹ̀ ju etí páànù lọ. Ihò yìí kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ gbogbo. Ọjọ́ tí omi bá tú jáde níbẹ̀ ni ẹ máa mọ̀ pé àwọn ìyókù ti dí, omi á sì ti bọ́ síta kí ó tó wọ pálọ̀.

Ibi tí páànù ti pàdé ògiri tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Omi òjò ń gba ara ògiri sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń wọ ẹ̀yìn páànù. Síméǹtì ni ọ̀pọ̀ bíríkìlà máa ń rọ́ síbẹ̀, àbùjá tó máa ń kó onílé sí gbèsè ni. Síméǹtì tútù ń jẹ alumíníọ̀mù, ó sì ń jẹ síǹkì ara páànù. Páànù ń gbóná, ó ń tutù, ó ń sún. Síméǹtì kì í sún, ó ń là. Ohun tó yẹ ni pé kí wọ́n ṣe páànù pẹrẹsẹ kan, kí orí rẹ̀ wọ inú ọ̀nà tí wọ́n gé sára ògiri, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bo páànù òrùlé, kí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù tó ń nà dí ẹnu ọ̀nà náà.

Ilé tó ní igun náà ní tirẹ̀. Níbi tí òrùlé méjì ti pàdé, kòtò kan máa ń wà tí omi méjèèjì jọ ń gbà. Láti oṣù kejìlá títí di oṣù kejì ni ọyẹ́ á ti máa da eruku pupa síbẹ̀, ewé á bọ́ lé e. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé ní oṣù kẹta, eruku á di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ á di ìdènà. Ọmọ tó bá fi ọwọ̀ gbá kòtò yẹn ní ìparí oṣù kejì ti gba owó káfíńtà sílẹ̀ fún baba rẹ̀. Ní ti gọ́tà etí òrùlé, ètè rẹ̀ tó wà níta gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ ju ètè tó wà lápá ògiri lọ, kó lè jẹ́ pé tó bá kún, ìta ni yóò ti dà.

Àwọn ilé àtijọ́ tí àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó padà dé láti Brazil, kọ́, tó kù láàárín Àjàṣẹ́, òrùlé wọn ga, omi kì í dúró lórí wọn. Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn ni pé kò sẹ́ni tó ń gòkè lọ wò wọ́n mọ́.

Kí ló dé tí omi fi ń kán níbi tí kò sí ihò?

Torí pé omi kì í bọ́ síbi tó ti wọlé. Ó ń bá abẹ́ páànù lọ títí yóò fi kan igi, á bá igi lọ títí yóò fi kan ìṣó tàbí oríkèé, ibẹ̀ ni yóò ti wá bọ́ sórí àjà. Àjà pákó náà á fà á mu, á tàn án ká, kó tó wá kán sílẹ̀. Ihò lè wà ní mítà mẹ́ta sí ibi tí ẹ gbé garawa sí, apá góńgó ló sì máa ń wà. Omi tí igi àti pákó ti fà mu ló ń jáde díẹ̀díẹ̀ títí di ọ̀sán lẹ́yìn tí òjò dá.

Nítorí náà, ẹ wọ inú àjà lọ́sàn-án gangan, ẹ pa tọ́ọ̀ṣì. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Lẹ́yìn náà ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, ẹ tẹ̀ lé ojú omi dúdú tó wà lára igi gòkè. Tí ẹ kò bá rí nǹkan kan, kí ẹnì kan máa fi rọ́bà omi wọn òrùlé nígbà tí ẹlòmíràn wà nínú àjà. Láti etí ni kó ti bẹ̀rẹ̀, kó máa lọ sókè díẹ̀díẹ̀, kó sì dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan níbi kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti góńgó á rẹ gbogbo òrùlé lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní mọ ibi tó jò.

Ìṣó ńkọ́?

Ní òwúrọ̀ ooru ara páànù lè wà ní nǹkan bí 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kó tó ọ̀sán ó lè ti gbóná dé 65. Páànù irin tó gùn ní mítà 6 á fi nǹkan bíi mílímítà 3 gùn sí i. Ti alumíníọ̀mù á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílímítà 6. Tó bá di alẹ́, á tún sún kì. Ìró kẹ́kẹ́ tí ẹ ń gbọ́ lórí nígbà tí ìkùukùu bá bo oòrùn lójijì, òun nìyẹn. Lójoojúmọ́ ni páànù ń fa ìṣó síhìn-ín sọ́hùn-ún, títí ihò rẹ̀ á fi fẹ̀, tí rọ́bà tó wà lábẹ́ orí rẹ̀ á sì ti gbẹ nínú oòrùn.

Orí ìgbì ni kí wọ́n kan ìṣó sí, kì í ṣe inú kòtò rẹ̀, níbi tí omi ti ń ṣàn. Ìṣó onílílọ́ (vis), tí a ń yí wọlé, tó ní rọ́bà sàn ju ìṣó lásán lọ. Ìṣó tó bá ti yọ orí, ẹ má kàn án padà sínú ihò rẹ̀. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi onílílọ́ tó sanra jù ú lọ dípò.

Tí òjò kò bá tilẹ̀ rọ̀ rárá lọ́sẹ̀ yẹn ńkọ́?

Nígbà náà kì í ṣe pé òrùlé jò. Ní òru tí ojú ọ̀run mọ́, páànù máa ń tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ, ọ̀rinrin inú ilé á wá di omi sí abẹ́ rẹ̀, á máa kán ní ìdájí. Àjàṣẹ́ tó wà létí ọ̀sà ní ọ̀rinrin púpọ̀. Ní Ṣábẹ̀ẹ́ (Savè), lápá òkè, nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ tóbẹ́ẹ̀ tí a kì í sábà rí i. Ẹ máa mọ̀ ọ́n torí pé gbogbo abẹ́ páànù ló ń tutù lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe ojú kan, ó sì máa ń dáwọ́ dúró tí oòrùn bá ti gòkè. Ọ̀dà kò lè wo èyí sàn. Ẹ la ojú afẹ́fẹ́ sí etí àti góńgó, ẹ má sì jẹ́ kí èéfín àti ooru ilé ìdáná máa wọ inú àjà.

Kí la máa ṣe lóru tó ń jò lọ́wọ́?

Iná ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Tí omi bá ń gba ìdí gílóòbù tàbí ara ògiri tí wáyà wà, ẹ lọ pa iná níbi mítà, ẹ má fọwọ́ kan súwíìṣì yàrá náà. Òwe tó ní òjò tó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ á ṣẹ lóru yẹn, torí yàrá kan tó gbẹ ni gbogbo ilé á kó sí. Tí àjà pákó bá ti wú sísàlẹ̀, omi ti kún ẹ̀yìn rẹ̀: ẹ gbé garawa sábẹ́ rẹ̀, ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fi nǹkan ṣóńṣó lu ihò kékeré níbi tó wú jù. Ihò kékeré sàn ju kí gbogbo pákó wó lulẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gun páànù tútù lóru. Lọ́sàn-án pàápàá, ojú ìlà ìṣó ni kí ẹ máa tẹ̀, torí ibẹ̀ ni igi wà lábẹ́ rẹ̀.

Ṣé ọ̀dà dúdú kò wúlò rárá ni?

Ó wúlò fún ihò kékeré, lórí páànù tó gbẹ tí a ti fọ eruku àti ògùnún kúrò lára rẹ̀. Oòrùn wa ló ń sá a títí yóò fi là, nítorí náà kò lè pẹ́. Tépù ọ̀dà tí ojú rẹ̀ ń dán bíi fàdákà, èyí tí a ń rà ní ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ìkọ́lé, máa ń tọ́jọ́ jù ú lọ tí ara páànù bá mọ́.

Ìkìlọ̀ mi tó le jù wà fún àwọn ará Kétu àti gbogbo ẹni tó ń gba omi òrùlé sínú táńkì abẹ́ ilẹ̀. Omi inú ilẹ̀ jìn lọ́dọ̀ wọn, omi òjò yìí ni ọ̀pọ̀ ilé ń mu. Ọ̀dà dúdú kò yẹ lórí irú òrùlé bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tó bá wà lórí páànù ló ń wọ inú táńkì. Kí wọ́n pààrọ̀ páànù tó ti bàjẹ́ ni. Kí wọ́n sì jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ fọ òrùlé, kí omi rẹ̀ sì dànù, kí wọ́n tó darí páìpù sínú táńkì.

Ìgbà wo ló yẹ ká pe oníṣẹ́, kí la sì máa bi í?

Ní Àjàṣẹ́ àti Kétu, oṣù kìíní àti oṣù kejì ló dára jù. Ìsinmi òjò díẹ̀ tún wà ní oṣù kẹjọ, kí òjò kejì tó dé ní oṣù kẹsàn-án. Ní Ṣábẹ̀ẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ni òjò ń wá, láti nǹkan bí oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá, nítorí náà ẹ má retí oṣù kẹjọ níbẹ̀.

Tí oníṣẹ́ bá dé tó kọ́kọ́ béèrè owó ọ̀dà kó tó wọ inú àjà, ẹ pe ẹlòmíràn. Ẹ ní kó fi ibi tí omi ti wọlé hàn yín, kó sọ ìdí tí omi fi dúró níbẹ̀, kó sọ bí ìgbéléra ṣe máa gùn tó àti orí ìgbì tó máa kan ìṣó sí. Ẹ san apá kan owó rẹ̀. Nígbà tó bá parí, kí òun fúnra rẹ̀ jókòó sínú àjà, kí ẹnì kan máa fi rọ́bà wọn òrùlé fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, láti etí lọ sókè. Tó bá jáde láìtutù, ẹ san ìyókù.